Lẹ́tà sí bàbá tó fa ọmọ rẹ̀ jáde láàárín eré

Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ ilé. N kò mọ orúkọ yín, n kò sì mọ apá ibi tí ẹ̀ ń gbé ní Àkúrẹ́ yìí, bóyá Ìjàpọ̀ ni o, bóyá Òkè-Àró. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ jókòó sí ìlà kẹta lápá òsì, lábẹ́ fáànù tó ń fẹ́ dáadáa, ọmọbìnrin yín sì jókòó tì yín. Nígbà tí Fẹ̀yí, ọmọ tí eré olórin wa dá lé lórí, ń kọ orin tó fi ń bá bàbá rẹ̀ wíjọ́, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ń pariwo "Sọ fún un! Sọ fún un!", ẹ dìde, ẹ fa ọmọ yín lọ́wọ́, ẹ jáde. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ fún ọmọ tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì pé, "Àfojúdi lẹ̀ ń kọ́ wọn, ẹ sì tún ń gbowó lé e."

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ náà lórin. Ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìkélé ni mo dúró sí ní gbogbo àkókò tí eré ń lọ lọ́wọ́, ojú àwọn òǹwòran ni mo sì ń wò ju ti àwọn òṣèré lọ, torí pé orin ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ, kò sóhun tí mo tún lè tún ṣe níbẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ ròyìn ohun tí mo rí fún yín. Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń sọ ọ́. Ẹ ò kúkú fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀.

Gbọ̀ngàn ti pín sí méjì tipẹ́ kí ẹ tó dìde. Ẹ̀yin òbí ló wà níwájú, àwọn ọmọ sì kó ara wọn sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbikíbi tí ẹnì kan ò bá ti ní kí wọ́n bọ́ síwájú. Orin JAMB ló kọ́kọ́ tú wọn lára. Ẹ rántí rẹ̀, àbí? Fẹ̀yí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tò síwájú ilé ìdánwò láti ìdájí, oòrùn là, ó kan àtàrí, wọn ò tíì pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, kọ̀ǹpútà kú mọ́ Fẹ̀yí lọ́wọ́. "Yéè!" ni gbogbo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ké, igbe ẹni tí irú ẹ̀ ti ṣe rí. Ẹ̀yin ará iwájú ń bojú wẹ̀yìn láti wo ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo mọ ìdí ẹ̀. Pẹ́ńsù lẹ̀yin fi ṣe JAMB tiyín, inú bébà lẹ ti ń kun àpótí kéékèèké. Láti 2015 ni gbogbo ẹ̀ ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá, ẹni tí kò bá sì jókòó síwájú ẹ̀rọ yẹn rí, tó ń wo aago tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn, kò lè mọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà gba tiyín padà láìpẹ́. Bàbá Fẹ̀yí jáde síta, ọmọ SS2 tó da pọ́ńdà sórí irun, tó fi ìrọ̀rí ṣe ikùn. Ó dúró láàárín ìtàgé, ó kọ́wọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà..." Kò tíì pa ẹnu dé tí gbogbo iwájú fi gbà á lẹ́nu ẹ̀: "Kò lè ní àkísà tó àgbà!" Ohùn yín wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, "Hààà", bí ọmọ tí wọ́n rán lọ ra maggi nígbà tí bọ́ọ̀lù ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà yẹn ni tọmọdé tàgbà bú sẹ́rìn-ín pa pọ̀. Nígbà ìdánrawò, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń kọjá lásán ni, kò sẹ́ni tó ń dáhùn, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ní apá kejì rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá àgbà ńkọ́? Ọmọ tó ṣe ìyá àgbà yẹn, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀dọ̀ ìyá aláta kan ní Ọjà Ọba ló ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ èdè Àkúrẹ́, ó ń lọ bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, ó ń bá a pa àtẹ mọ́ títí tó fi gbà láti kọ́ ọ. Bó ṣe la ẹnu tí èdè Àkúrẹ́ bọ́ síta, àwọn obìnrin tó wà lápá ọ̀tún dìde dúró. Wọn ò pàtẹ́wọ́ o, wọ́n ń dá a lóhùn ni! Ó kí wọn, wọ́n kí i padà, eré dúró díẹ̀ kí wọ́n tó kíra wọn tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé owó kòkó tó ń pọ̀ṣé sí yìí ni Awólọ́wọ̀ fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955, pé òun fúnra òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Àwọn ọmọ ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn gbọ́ ni.

Ibi tó ti le nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ kòkó ni Fẹ̀yí fẹ́ bá bàbá rẹ̀ sọ. Bàbá rẹ̀, tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní gáréèjì Ìlẹ́ṣà, ti ń pè é ní dókítà láti kékeré, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà ní Oǹdó ló fẹ́ kó lọ. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ni Fẹ̀yí ń fẹ́, kó lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, kó padà sóko bàbá ìyá rẹ̀. Bó ṣe dárúkọ oko báyìí, ẹ̀yin òbí pọ̀ṣé. Kedere ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ẹnì kan ló ti ẹ̀gbẹ́ ògiri pariwo pé, "Kòkó ti wọ́n báyìí o!", tí ìpọ̀ṣé fi di ẹ̀rín. Òótọ́ ló sì sọ, ní 2024 owó tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Ṣùgbọ́n ìpọ̀ṣé yẹn ti dé etí Fẹ̀yí. Ọmọ tó ń ṣe é sọ fún mi lẹ́yìn eré pé ìgbà tí òun gbọ́ ọ ni ẹ̀rù bá òun dénú, pé òun ò ṣe bí ẹni tẹ́rù ń bà mọ́.

Ìpọ̀ṣé yẹn ló gbé e dé orí orin tó bí yín nínú. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìlà méjì tó jẹ́ ègbè rẹ̀ síbí, torí ó dà bíi pé ariwo ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ:

*Bàbá mi, ẹ bi mí léèrè o,*
*Kí ẹ tó fi ẹnu mi dáhùn.*

Ẹ wo bí a ṣe to orin náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fẹ̀yí dé etí ìlà kejì tó dákẹ́. Ìlù dúró dè é, kíbọ́ọ̀dù dúró dè é, kò lè sọ ọ́, ó padà sí "Bàbá mi", ó tún bẹ̀rẹ̀. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni "Sọ fún un!" ti bẹ̀rẹ̀. Lójú yín, ṣe ni wọ́n ń tì í lẹ́yìn kó rí bàbá rẹ̀ fín. Lójú tèmi, ọmọ tí ọ̀rọ̀ há sí lọ́fun ni wọ́n rí, wọ́n sì fẹ́ kó jáde, torí wọ́n mọ bó ṣe máa ń há. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ẹnikẹ́ni ò hó yè. Wọ́n dákẹ́ lọ gbári. Ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà yẹn.

Ọmọ yín ò pariwo o, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn tó kù ń ké, ẹ̀yin ló ń wò. Ó wo ìtàgé díẹ̀, ó wò yín, ó tún wo ìtàgé.

Ẹnì kan sọ fún mi pé ẹ tún ní irú orin báyìí ò sí láyé ìgbà tiyín, pé ọmọ tí wọ́n bá tọ́ nínú ìjọ kì í gorí ìtàgé. N kò mọ̀ bóyá lóòótọ́ lẹ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ jọ̀ọ́, inú ìjọ gan-an ni eré olórin wa ti jáde. Ìjọ Aládùúrà ló ní kí Hubert Ògúndé ṣe eré àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1944, ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó, nígbà tó ṣì ń ṣe ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀ àwọn òǹwòran ayé ìgbà yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́jẹ́. Ìyá ìyá mi máa ń sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀ fún òṣèré tí wọ́n bá gbé májèlé fún: "Má mu ún o! Ìyàwó ẹ ló bu nǹkan sí i!" Àgbàlagbà ló ń ké bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bí ọjọ́ orí yín bá tó bí mo ṣe fojú bù ú, ẹ̀yin náà ti ké irú rẹ̀ rí.

Eré sì ti bí àgbà nínú rí, kò bẹ̀rẹ̀ lórí yín. Nígbà tí Ògúndé gbé *Yorùbá Ronú* jáde ní 1964, inú bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn débi pé wọ́n fòfin dè é, kò gbọdọ̀ ṣeré ní gbogbo agbègbè náà. Àkúrẹ́ wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Àfìgbà tí ìjọba ológun dé ní 1966 ni wọ́n tó tú òfin yẹn ká. N kò fi yín wé ìjọba o, sà. Ẹnu ọ̀nà lẹ̀yin jáde, ẹ ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó dùn mí ni ibi tí ẹ ti jáde. Ìran tó tẹ̀ lé e gan-an, tiyín ni. Bàbá Fẹ̀yí nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn páàtì ọkọ̀, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nípa owó ìdánwò tí bàbá tirẹ̀ ò rí san, bó ṣe ń ru yẹ̀pẹ̀ nílé tí wọ́n ń kọ́ títí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ fi kọjá lórí rẹ̀. Ohùn kan náà ni. Ọ̀rọ̀ la yí padà:

*Ọmọ mi, bi mí léèrè o,*
*Kí o tó fi ojú dá mi lẹ́jọ́.*

Àwọn tí ẹ pè ní aláfojúdi yẹn, ẹ ì bá wò wọ́n. Ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ga jù nínú "Sọ fún un!" ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́, ẹ̀rín ẹni tí kò fẹ́ sunkún lójú ọ̀rẹ́ ni. Mo ti kọ́ ọmọ lórin pẹ́ tó láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹ̀rín yẹ̀yẹ́.

Ọkùnrin kan wá dìde níwájú, ó gorí ìtàgé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná igba náírà igba náírà mọ́ ọmọ náà níwájú orí. (Ẹ má jẹ́ kí EFCC gbọ́ o.) Owó bo ojú ọmọ, pọ́ńdà lẹ̀ mọ́ owó, orin fò lọ lórí ẹ̀. Ó dúró, ó ń wò mí. Kí n tó la ẹnu, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ti gbé e fún un, "Ọmọ mi, bi mí léèrè o", orin tí wọn ò gbọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Iwájú bá wọn gbè é. Àga yín àti ti ọmọ yín ṣófo láàárín wọn.

Mo gbà pé a ní kùdìẹ̀-kudiẹ. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo jù, máìkì ń súfèé, eré sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá kan ní síkẹ́ẹ̀tì àwọn tó jó ní ìran ọjọ́ ìbí kúrú jù, a ti fi aṣọ kún un. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú wa dábàá pé kí àwọn pírífẹ́ẹ̀tì dúró sẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n máa pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́. Mo ní bí wọ́n bá máa ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá olùkọ́ orin mìíràn.

Ìlú Oǹdó ló kàn báyìí. Gbọ̀ngàn ibẹ̀ kéré sí tiwa, ọmọ Ọ̀wọ̀ wa sì ti ń kọ́ èdè Oǹdó tipátipá, torí ó dá wa lójú pé wọn ò ní gba ìyá àgbà Àkúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá lè wá, mo bẹ̀ yín, ẹ mú ọmọ yín wá. Ẹ ò ní sanwó. Kí ẹ kàn sọ fún ẹni tó bá wà níta pé olùkọ́ orin ló ní kí ẹ wọlé.

Bí ọ̀rọ̀ Fẹ̀yí bá tún bí yín nínú, ẹ pariwo mọ́ ọn níbi tí ẹ bá jókòó sí. Láti ọjọ́ yẹn la ti yí ìdánrawò padà. Mo máa ń ní kí àwọn tí kò sí lórí ìtàgé pọ̀ṣé, kí wọ́n gba òwe mọ́ bàbá lẹ́nu, kí wọ́n bú òṣèré, kí òṣèré sì kọ́ bó ṣe máa dúró títí ariwo á fi lọ sílẹ̀ kó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bàbá Fẹ̀yí ti mọ̀ ọ́n ṣe. Fẹ̀yí ló ṣì ń kánjú.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ orin, Àkúrẹ́.