Ẹ béèrè kí ẹ tó gba ẹṣin wọlé

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa tí a ń gba ẹṣin tọ́jú, tí a sì ń kọ́ ẹṣin, ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀. A kò pọ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí ìjà wa kì í fi í dé etí aráyé. Ṣùgbọ́n bí ọkọ ìyàwó, olóyè tuntun àti ọmọ olókùú ti ń fẹ́ gun ẹṣin wọ agbo òde, àwọn tí ó ń ra ẹṣin tiwọn ń pọ̀ sí i, àwa tí a ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ sì ti ń já oníbàárà gbà mọ́ ara wa lọ́wọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: kí olùtọ́jú kankan má ṣe gba ẹṣin tí ó ti ọ̀dọ̀ olùtọ́jú mìíràn wá láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pe ẹni náà, kí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹṣin náà lẹ́nu rẹ̀.

Ọkùnrin kan fi akọ ẹṣin rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi fún nǹkan bí oṣù méje. Nígbà tí ó dé, kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé gàárì lé e lẹ́yìn. Nígbà tí yóò fi kúrò, ó ń dúró jẹ́ẹ́ nínú ariwo dùndún àti ìró ṣakabùlà. Owó ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá wà nílẹ̀ tí ọkùnrin náà kò san. Ní òwúrọ̀ kan tí mo lọ ra ọkà bàbà, ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá, ó sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi pé àwa méjèèjì ti jọ sọ ọ́, ó sì gbé ẹṣin lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ilé ẹṣin rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Ẹlẹgbẹ́ mi yìí mọ ẹṣin náà dáadáa, nítorí ó ti rí i lọ́wọ́ mi níbi ìwúyè méjì. Kò pè mí.

Owó náà dùn mí, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń kọ̀wé lé lórí. Lọ́dọ̀ mi, koríko gbígbẹ àti ewé ẹ̀pà ni ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, ọkà bàbà díẹ̀ ni à ń fi kún un. Níbi tí ó lọ, àgbàdo ni wọ́n dà kalẹ̀ fún un láti alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, bóyá kí olówó rẹ̀ lè rí i pé ọwọ́ wọn là ju tèmi lọ. Ẹṣin kò lè bì bí ajá ti í bì. Bí oúnjẹ bá yí padà lójijì, inú rírun lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Dókítà ẹran ni ó gba èyí sílẹ̀, pẹ̀lú ìnáwó tí ó ju gbèsè mi lọ, olówó ẹṣin sì ń sọ kiri títí di òní pé ọ̀dọ̀ mi ni ó ti kó àrùn.

Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gba abo ẹṣin kan wọlé láìbéèrè, inú mi sì ń dùn pé ọwọ́ ẹni tí ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo ti gbà á. Làpálàpá ni ó bá a wá. Búrọ́ọ̀ṣì kan náà ni à ń lò fún gbogbo wọn, kò sì pẹ́ tí ó fi ran mẹ́rin mìíràn.

Ní ilẹ̀ igbó bí tiwa, ìbéèrè yìí tún ṣe pàtàkì ju ti ìlú ọ̀dàn lọ. Àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé ká wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin pọ̀ ní Èkìtì láyé àtijọ́, tí ó fi jẹ́ pé orí ère Ẹ̀pà, ère onígi tí a ń gbé sórí jó nígbà ọdún, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rí jagunjagun tí ó gun ẹṣin. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà báyìí, ṣùgbọ́n àgúnjù rẹ̀ léwu fún ẹṣin, ẹni tí ó gún un kẹ́yìn ni ó sì mọ ọjọ́ tí ó gún un.

Àwọn kan ní ǹ bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹṣin náà títí owó yóò fi pé. Mo bi agbẹjọ́rò kan. Ó ní nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó kàn ń bọ́ ẹran kò lè dá a dúró nítorí gbèsè, àfi bí àdéhùn bá sọ bẹ́ẹ̀; olùkọ́ ẹṣin ni ìdájọ́ ọdún 1828 gbè, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ń bu iyì kún ẹṣin. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ọdún 1849 tún sọ pé bí olówó ẹṣin bá lè mú un jáde lọ sí eré ìje nígbàkígbà tí ó bá wù ú, ẹ̀tọ́ olùkọ́ já. Ta ni nínú wa tí oníbàárà rẹ̀ kì í mú ẹṣin lọ òde ní Sátidé? Yàtọ̀ sí èyí, ẹṣin tí a dá dúró ń mu ju ogún lítà omi lọ lójúmọ́, yálà wọ́n sanwó tàbí wọn kò san: ìwọ̀fà tí ń jẹun tí kì í roko ni.

Bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ bá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láìṣe fíríìdọ̀mù, ọ̀gá mìíràn tí ó mọ iyì ara rẹ̀ yóò bi í léèrè ẹni tí ó ń kọ́ ọ níṣẹ́ tẹ́lẹ̀ àti ohun tí ó lé e kúrò. Ó ṣì lè gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ó rí láàárín wa. Olówó ẹṣin ni ó ni ẹṣin, ibi tí ó bá wù ú ni kí ó mú un lọ. Bí ẹni tí a pè bá sì fi èébú dáhùn, kí a gba ẹṣin náà láìwo ojú rẹ̀ mọ́.

Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi yẹn pàdé níbi ìnáwó kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bi mí léèrè ohun tí ẹṣin náà ń bẹ̀rù tí kì í fi í gba orí afárá kọjá. Mo sọ fún un. Gbèsè ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ṣì wà nílẹ̀.

Èmi ni,
Olùtọ́jú ẹṣin kan,
Adó-Èkìtì.