Ìwé ẹ̀bẹ̀ ẹgbẹ́ ayafọ́tò lórí fọ́tò yíyà láàfin

Sí Alága ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹ̀yin àgbà tó ń bójú tó ààfin,

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, a kí yín o. Kí adé pẹ́ lórí Kábíyèsí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Àwa ayafọ́tò tá a máa ń mú àlejò rìn yíká ààfin la kọ ìwé yìí, ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí òfin fọ́tò yíyà wà lákọsílẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu géètì kí tilé toko rí i kà.

Torí bó ṣe wà báyìí ò dáa rárá. Àlejò á sanwó lẹ́nu géètì, kò ní rí risíìtì gbà, tó bá dé àgbàlá kejì ẹlòmíì á ní owó kámẹ́rà ló kù, kó tó wá gbójú sókè wo òpó báyìí ẹnìkan á tún yọ pé kó pa gbogbo fọ́tò tó ti yà rẹ́, pé èèwọ̀ ni. A ò bá èèwọ̀ jà o! Ọmọ ilé ni wá, a mọ̀ pé ojúbọ ò ṣeé yà, ọ̀dọ̀ àwọn olorì náà ò ṣeé yà, ṣùgbọ́n báwo lẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣe fẹ́ mọ̀ nígbà tí ò sí àmì kankan níbẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Láàárín 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn yẹn lọ síbi àfihàn Wembley ní London ní 1924, British Museum ló wá gbà á, òpó tó wà láàárín náà ti dé Art Institute, ilé ìkóhun-ọnà-sí ní Chicago ní Amẹ́ríkà. Fọ́tò tí William Fagg, òyìnbó onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ní British Museum, yà ní Ìkẹ́rẹ́ ní 1959 la fi ń rí bí òpó yẹn ṣe dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Àlejò sì ni Fagg o, wọ́n gbà á láyè ni.

Ní Versailles ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń jẹ́ kí àlejò ya fọ́tò tara ẹ̀, fíláàṣì, sitáǹdì kámẹ́rà àti selfie stick ni wọn ò fẹ́ nínú ilé. Irú ẹ̀ tẹ́ wa lọ́rùn. Dróònù, a ò tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ohun kan tún ń dùn wá, àsìkò tí wọ́n ń ṣí géètì. Àárọ̀ kùtù loòrùn máa ń fẹ̀gbẹ́ kan igi gbígbẹ́, ìgbà yẹn lojú, ilà, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn máa ń yọ dáadáa, tó bá ti di ọ̀sán àgbàlá á funfun báláú, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ á ṣókùnkùn, kámẹ́rà ò sì lè mú méjèèjì pọ̀. Ẹ bá wa ṣí i láago méje fẹ́ni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó jẹ́ owó ẹ̀ẹ̀kan, kó ní risíìtì.

Tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹgbẹ́ wa á máa kó ẹ̀dà gbogbo fọ́tò ilé tá a bá yà fún ààfin lọ́fẹ̀ẹ́, a sì ti ṣe tán láti wá bá yín jókòó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dá.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ ẹgbẹ́