Bí A Ṣe Ń Ka Ojú Ọ̀nà ní Ìlú Ọba: Lẹ́tà sí Àkànní

Leeds,
Ìlú Ọba.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ìwọ àti ìyàwó, mo kí Màmá, mo sì kí àwọn ọmọ. Inú mi dùn púpọ̀ pé físà yín ti jáde. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé ọkọ̀ lo fẹ́ máa gbé lọ síbi iṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé, àti pé ẹni tó bá ti wakọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbá, kò sí ibi tí kò lè wakọ̀ dé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n tètè fèsì. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ yá nídìí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó mọ́ wa lára nílé ni ká máa wo awakọ̀ ẹgbẹ́ ẹni: ojú rẹ̀, ọwọ́ tó ń jù, ibi tí imú ọkọ̀ rẹ̀ kọ sí. Níbí, àmì ni kí o máa wò, àti ohun tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí títì. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹni tí yóò dá ọ dúró láti sọ pé o ṣẹ̀. Kámẹ́rà ni yóò ya nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ, lẹ́tà ìtanràn yóò sì bá ọ nílé.

Apá òsì ni wọ́n ń gbà níbí, bí àwa náà ṣe ń gbà á kí ìjọba tó yí i padà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Sítíárìn wà lápá ọ̀tún, jíà sì wà lábẹ́ ọwọ́ òsì. Inú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ kọ́ ni àlejò ti ń ṣì í, torí ọkọ̀ tó wà níwájú á máa fà á lọ. Ìgbà tí títì bá dá ló ń ṣẹlẹ̀: láàárọ̀ kùtù, nígbà tí o bá ń jáde ní ilé epo, tàbí nígbà tí o bá ṣẹ́ kọ́nà bọ́ sí ọ̀nà tóóró tí kò ní ìlà láàárín. Ohun tí wàá fi máa yẹ ara rẹ wò nìyí: ìwọ tó ń wakọ̀ gbọ́dọ̀ wà lápá àárín títì nígbà gbogbo, ẹni tó jókòó tì ọ́ níwájú ló gbọ́dọ̀ wà létí ọ̀nà. Tó bá ti di pé ìwọ lo sún mọ́ etí ọ̀nà, o ti ṣìnà.

Ní ti àmì, kọ́kọ́ wo bó ṣe rí kí o tó wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Rìbìtì ń pàṣẹ. Onígun mẹ́ta ń kìlọ̀. Onígun mẹ́rin ń júwe. Rìbìtì tí etí rẹ̀ pupa ń sọ pé má ṣe é. Èyí tó jẹ́ búlúù látòkè délẹ̀ ń sọ pé dandan ni kí o ṣe é. Jock Kinneir àti Margaret Calvert ló ya púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti wà lójú títì láti 1965. Méjì ló dá yàtọ̀: STOP tó ní igun mẹ́jọ, àti Give Way (fún ẹlòmíràn láyè) tí í ṣe onígun mẹ́ta tó dorí kodò. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ kí èèyàn lè dá wọn mọ̀ bí yìnyín bá tilẹ̀ bo ojú wọn, tàbí bó bá jẹ́ ẹ̀yìn wọn lo rí. Níbi STOP, táyà gbọ́dọ̀ dúró pátápátá lẹ́yìn ìlà, kódà bí kò bá sí ọkọ̀ kankan lọ́nà. Níbi Give Way, o lè máa yí lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀nà bá mọ́.

Púpọ̀ nínú wọn jọ tiwa, kò ní yà ọ́ lẹ́nu. Àwọn tó ń ṣi àwa tá a wá láti ilé lọ́nà ni mo fẹ́ dárúkọ. Èkíní ni rìbìtì funfun tí etí rẹ̀ pupa, tí kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àlejò á rò pé ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀. Ó ń sọ pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Èkejì ni rìbìtì etí pupa tí wọ́n ya alùpùpù sókè, tí wọ́n ya mọ́tò sísàlẹ̀. Torí pé wọn kò fi ìlà dá àwòrán náà kọjá, àwọn kan máa ń rò pé mọ́tò àti alùpùpù ló ni ọ̀nà náà. Òdìkejì rẹ̀ ni: àwọn méjèèjì ni wọ́n lé. Etí pupa yẹn ti tó láti sọ pé rárá.

Máìlì ni wọ́n ń kà, kì í ṣe kìlómítà. 30 tó o bá rí lára àmì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 48 láàárín wákàtí kan, 70 sì lé díẹ̀ ní 112. Bí o bá ń lo máàpù orí fóònù, yí i sí máìlì kí o tó gbéra. Níbi tí òpó iná bá tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí o kò sì rí àmì eré sísá kankan, 30 ni ní England. Ní Wales, 20 ni láti oṣù kẹsàn-án 2023. Wọn kì í lẹ àmì 30 mọ́ òpó lóòrèkóòrè láti rán ọ létí. Òpó iná fúnra rẹ̀ ni àmì. Èyí ló ń mú àwọn èèyàn jù, torí wọ́n ń dúró de nọ́ńbà tí kò ní wá.

Àmì tó tún kù nídìí eré ni rìbìtì funfun tí ìlà dúdú kan gba inú rẹ̀ kọjá ní ìdagẹ̀rẹ̀, láìsí nọ́ńbà. Ó ń sọ pé òfin gbogbogbòò ti bẹ̀rẹ̀: 60 ní ọ̀nà tí kò pín, 70 ní ọ̀nà tó pín sí méjì. Ohun tó ń pín ọ̀nà ni koríko, pèpéle tàbí irin tó wà láàárín, kì í ṣe iye léènì. Bó bá jẹ́ léènì méjì ní àlọ àti méjì ní àbọ̀, tó sì jẹ́ ọ̀dà funfun nìkan ló là wọ́n, 60 ṣì ni.

Ibi tí mo bẹ̀ ọ́ kí o ti fọkàn balẹ̀ kà nìyí. Wàá yà kúrò ní títì ńlá sí ọ̀nà abúlé. Igi gíga yóò wà lọ́tùn-ún lósì, kò ní sí òpó iná, ọ̀nà náà kò sì ní fẹ̀ ju katakata kan lọ. Ní ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni wàá ti rí rìbìtì onílà dúdú, tó ń gbà ọ́ láyè 60. Òfin ń sọ ibi tí eré gbọ́dọ̀ mọ ni, kò sọ pé kí o sá a. Ní 60, ọkọ̀ nílò nǹkan bíi mítà 73 kó tó dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ kọ́nà tó wà níwájú lè má jẹ́ kí o rí ju mítà 20 lọ. Eré tí wàá lè fi dúró láàárín ibi tí ojú rẹ tó ni kí o sá, bó jẹ́ máìlì 20, bó jẹ́ 15. Lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń fi àyè kékeré sílẹ̀ létí rẹ̀ fún ọkọ̀ méjì láti pàdé. Bó bá wà lápá òsì rẹ, wọ inú rẹ̀. Bó bá wà lápá ọ̀tún, má sọdá. Dúró sí ọ̀kánkán rẹ̀ lápá tìrẹ, kí ẹni tó ń bọ̀ wọ inú rẹ̀. Bí àyè náà bá wà lẹ́yìn rẹ, tó sì sún mọ́ ọ ju òun lọ, ìwọ ni wàá fẹ̀yìn rìn. Má páàkì síbẹ̀ láé.

Lẹ́tà ló wà níwájú nọ́ńbà ọ̀nà. M ni mọ́tọ̀wéè, òpópónà márosẹ̀ wọn, àmì búlúù ni wọ́n ń lò lórí rẹ̀. A ni ọ̀nà ńlá. Àwọn tó ṣe kókó jù nínú wọn ń lo àmì aláwọ̀ ewé tí nọ́ńbà rẹ̀ yẹ́lò, àwọn tó kù ń lo funfun. B ni ọ̀nà tó kéré sí i. Búráùn ń júwe ibi ìgbafẹ́, yẹ́lò ń júwe ibi tí wọ́n darí ọkọ̀ gbà nítorí iṣẹ́ ọ̀nà. Má rò pé A túmọ̀ sí ọ̀nà fífẹ̀ o. A838 ní àríwá Scotland jẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí o bá sì rí A1(M), òfin mọ́tọ̀wéè ló wà níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ A. Ohun tó wúlò jù lára àmì ìjúwe ni àkámọ́: bí nọ́ńbà ọ̀nà kan bá wà nínú àkámọ́, o kò tíì dé orí ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n ibi tí o ń lọ yìí yóò gbé ọ débẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò yà ní kọ́nà àkọ́kọ́ tó bá rí, yóò sì sọnù.

Lórí mọ́tọ̀wéè, léènì òsì ni ilé gbogbo ọkọ̀, àwọn yòókù wà fún àtiyà ẹni sílẹ̀. Lápá ọ̀tún nìkan ni o ti lè ya ẹni sílẹ̀, kí o sì padà sí òsì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ń yan fanda ní léènì àárín nígbà tí òsì ṣófo lè san £100 kó sì gba póìǹtì 3, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sára láísẹ́ǹsì. Etí títì, ibi tí àwọn ọkọ̀ ti máa ń ya wa sílẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kò sí fún ẹni tó ń kánjú. X pupa lókè léènì sọ pé wọ́n ti ti léènì náà. Kúrò níbẹ̀ bí o kò bá tilẹ̀ rí ìdí. Kí o tó dé ibi tí wọ́n ti ń yà jáde, pátákó mẹ́ta á wà: ìlà mẹ́ta ní yáàdì 300, méjì ní 200, ọ̀kan ní 100. Bí o bá ti kọjá rẹ̀, máa lọ sí èyí tó kàn. Fífẹ̀yìn rìn lórí mọ́tọ̀wéè ń pa èèyàn. Lóru, wo àwọn gíláàsì kéékèèké tó ń tàn nílẹ̀: pupa wà létí òsì, yẹ́lò wà lápá irin àárín, funfun wà láàárín àwọn léènì, àwọ̀ ewé sì wà níbi tí wọ́n ń gbà wọlé tàbí jáde. Nínú òjò tàbí kùrukùru, àwọn ni yóò sọ ibi tí o wà fún ọ.

Ó wá ku ráńdábáòtù, èyí tó máa ń da àwọn tuntun láàmú jù. Nílé, ọ̀tún la ń yà, a sì ń fún ẹni tó ń bọ̀ látòsì láyè. Níbí, òsì ni wàá yà sí, ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀tún rẹ ló sì ni ọ̀nà. Ọrùn rẹ yóò fẹ́ wo òsì fúnra rẹ̀ torí ohun tó ti mọ́ ọn lára, ọkọ̀ tó fẹ́ gbá ọ yóò sì máa bọ̀ láti ọ̀tún. Bí o bá fẹ́ yà sí òsì ní ìjáde àkọ́kọ́, léènì òsì, kí o tan tíráfíkétọ̀ òsì kí o tó wọlé. Bí o bá ń lọ tààrà, léènì òsì ni lọ́pọ̀ ìgbà, má tan nǹkan kan nígbà tí o ń wọlé; bí o bá ti kọjá ìjáde tó ṣáájú tìrẹ, tan ti òsì. Bí o bá ń lọ sí ọ̀tún, léènì ọ̀tún, tíráfíkétọ̀ ọ̀tún, kí o yí i sí òsì nígbà tí o bá kọjá ìjáde tó ṣáájú tìrẹ. Ní àwọn tó tóbi, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà ọ̀nà tàbí orúkọ ìlú sílẹ̀ sínú léènì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn borí gbogbo ohun tí mo sọ yìí. Bí o bá wà ní léènì tí kì í ṣe tìrẹ, má já wọ̀ ọ́ lójijì. Yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí ẹni tó ń bínú. Àwọn kan kéré débi pé ọ̀dà funfun rìbìtì lásán ni, òfin kan náà ló sì mú wọn. Ní Swindon, kéékèèké márùn-ún ló yí ọ̀kan ńlá po.

Ní ti ọ̀dà ilẹ̀: ìlà yẹ́lò méjì létí títì, má páàkì nígbàkigbà; ẹyọ kan, wo pátákó fún wákàtí rẹ̀; ìlà pupa méjì, má tilẹ̀ dúró rárá. Níbi oríta tí wọ́n ya yẹ́lò hánránhánrán sí bí àwọ̀n, má wọ inú rẹ̀ àfi tí àyè bá ti wà fún ọkọ̀ rẹ lódìkejì, bí iná tilẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ẹni tó fẹ́ yà sí ọ̀tún tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ dá dúró nìkan ló lè dúró nínú rẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tí kò sí lára àmì. Nílé, ẹni tó bá ṣẹ́ná fún ọ ń sọ pé òun ń bọ̀, dúró. Níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣẹ́ná láti sọ pé máa bọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé òfin ọ̀nà sọ pé kìkì láti fi hàn pé ẹnì kan wà níbẹ̀ ni. Nítorí náà, má fi iná ẹnikẹ́ni ṣe ìpinnu. Fi ojú ara rẹ wò ó pé ọ̀nà mọ́.

Bí o bá kan London, kò sí géètì tó dà bíi ti Lekki. Ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá ju ìwọ̀n lọ ń san £12.50 lójúmọ́ ní gbogbo àdúgbò London láti oṣù kẹjọ 2023, fi nọ́ńbà ọkọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí o tó gbéra. Níbi ìsọdá Dartford náà, tí wọ́n ti ń sọdá odò Thames, orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa sanwó, kó tó di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ kejì.

Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà rẹ yóò gbé ọ fún oṣù 12 láti ọjọ́ tí o bá di olùgbé. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń gba láísẹ́ǹsì wọn ní pàṣípààrọ̀, nítorí náà wàá ṣe ìdánwò méjèèjì, ti orí kọ̀ǹpútà àti ti ìwakọ̀. Ti orí kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè 50, 43 lo gbọ́dọ̀ gbà, lẹ́yìn rẹ̀ ni fídíò ewu ojú ọ̀nà, tí wàá ti gba 44 nínú 75. Má jẹ́ kó di oṣù kọkànlá kí o tó bẹ̀rẹ̀, torí àtirí ọjọ́ ìdánwò ìwakọ̀ máa ń pẹ́. Kí o sì má wa ọkọ̀ ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n kankan, bó ti wù kó fi tìfẹ́tìfẹ́ fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ tó, àfi tí íńṣọ́rẹ́ǹsì ọkọ̀ náà bá dárúkọ rẹ. £300 àti póìǹtì 6 ni, wọ́n sì lè gbé ọkọ̀ náà lọ.

Mú ojúlówó láísẹ́ǹsì rẹ dání, má gbé ẹ̀dà wá. Ìwé òfin ọ̀nà wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí GOV.UK, bẹ̀rẹ̀ láti ibi àmì àti ráńdábáòtù, kí o sì kọ ohun tí kò bá yé ọ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó wọkọ̀ òfúrufú. Bá mi kí Màmá dáadáa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní.