Ẹ bá wa kọ ohun tó wà nínú oògùn gáàsì ní Yorùbá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú bí ẹ ṣe ń bá wa gbé ọ̀rọ̀ ìlú jáde. Mò ń ka ìwé ìròyìn yín déédéé, mo sì rí i pé agbára káká lọ̀sẹ̀ kan fi máa kọjá kí ẹ má gbé ìpolówó oògùn inú jáde, èyí tí wọ́n á ní ó ń wo gáàsì, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ọ́sà (ọgbẹ́ inú), ó tún ń wo ẹ̀yìn ríro mọ́ ọn, ìgò kan ṣoṣo. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn ni wọn kì í kọ síbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí.

Kẹ́mísìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lápá Mọ́lété níbí, ẹ sì mọ Ìbàdàn, tí wọ́n bá ti jẹ òde Sátidé tán, Mọ́ńdè ni tiwa. Wọ́n á wọlé, wọ́n á fọwọ́ gbá ikùn, "Àńtí, ẹ bá mi mú oògùn gáàsì." Tí n bá wá bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n gan-an, ẹnì kan á ní àyà ló ń ta òun, ẹnì kan á ní ṣe ni inú òun le bí ìlù, ẹlòmíì ò tíì rí ìgbẹ́ yà láti Ọjọ́bọ̀, ẹlòmíì sì rèé, ìgbẹ́ gbuuru ló ń yà á. Gbogbo ẹ̀, gáàsì ni wọ́n ń pè é o! Bẹ́ẹ̀ oògùn wọn kì í ṣe ìkan náà, èyí tó máa ran ẹni kan lọ́wọ́ lè dá kún wàhálà ẹnì kejì.

Oògùn funfun inú ìgò tí à ń pè ní mist mag, àtàwọn oníhóró tí èèyàn máa ń rún lẹ́nu bíi Gestid, ásíìdì inú, omi kíkan tó ń bá wa da oúnjẹ, ni wọ́n ń bá jà. Tí àyà bá ń ta èèyàn lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á pa agbára ásíìdì yẹn, kò ní pẹ́ tí ara á fi tù ú, àmọ́ kì í tọ́jọ́ torí inú ṣì ń tú òmíì jáde. Ti inú ìgò yẹn, ẹ mì ín dáadáa kí ẹ tó bù ú, torí ẹbu tó wà nínú ẹ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀ sí ìdí ìgò, ẹni tí kò bá mì ín, omi lásán ló ń mu. Èyí tó ní magnesium máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ èèyàn rọ̀, èyí tó ní aluminium máa ń mú kí ìgbẹ́ le, ìdí nìyẹn táwọn tó ń ṣe é fi máa ń po méjèèjì pọ̀. Ẹ wá wo ẹni tí inú ẹ̀ ń ṣí tẹ́lẹ̀ tó wá ń mu mist mag sí i.

Ti Andrews àti Eno máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Èèyàn á dà á sómi, ó ń hó ṣùúù, gáàsì ló ń jáde yẹn, á gbé e mu, á wá gùnfẹ̀ rẹpẹtẹ, á ní ẹ ò rí i, oògùn ti ṣiṣẹ́! Díẹ̀ nínú gáàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mì ló ń tú jáde. Mi ò ní kò wúlò o, ó ń pa ásíìdì lóòótọ́, ti Andrews sì ń báni lé ìgbẹ́ jáde torí iyọ̀ magnesium tó wà nínú ẹ̀. Àmọ́ sodium wà nínú méjèèjì, irú èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, kò wá yẹ kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sọ ọ́ di ohun tó ń mu láràárọ̀.

Èyí tó jẹ́ ti gáàsì gan-an ni simethicone. Ohun tó ń ṣe ni pé á kó àwọn ìfófó gáàsì kéékèèké tó há sínú pọ̀ di ńlá kí èèyàn lè gùn ún ní gùnfẹ̀ tàbí kó só o dànù. Kì í dá gáàsì dúró kó má wá o, ìyẹn di ọwọ́ oúnjẹ. Ẹ̀wà ní irú ṣúgà kan tí ìfun wa ò lè dà, tó bá ti dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tó wà níbẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, àwọn ló ń tú gáàsì sílẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí ẹ da omi yẹn nù, ó máa dín in kù. Èmi ò ní kí ará Ìbàdàn má jẹ gbẹ̀gìrì o, ta ni mo jẹ́ tí màá sọ bẹ́ẹ̀! Mílíìkì náà ń ṣe ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa bẹ́ẹ̀, àti mínírà tí wọ́n fi ń le àmàlà "kó lè tètè dà", gáàsì ló kún inú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí Flagyl, torí òun ló ń bí mi nínú jù. Ikùn kùn díẹ̀, Flagyl. Ó jẹun alẹ́ pẹ́, Flagyl. Ìyá á bù ú fọ́mọ, ọkọ á gbé méjì mì kó tó lọ síbi iṣẹ́, tó bá di alẹ́ á gbé bíà lé e, bẹ́ẹ̀ ìwé inú páálí ẹ̀ sọ pé kéèyàn má mutí sí i. Oògùn apakòkòrò ni Flagyl, ó ní irú kòkòrò tó ń pa, bí amoeba, kò mọ nǹkan kan nípa gáàsì. Téèyàn bá ń lò ó méjì lónìí, ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn kòkòrò á mọ̀ ọ́n lára, ọjọ́ tí àìsàn gidi bá dé kò ní ràn wọ́n mọ́. Tí mo bá sì ní mi ò tà á láìsí ìwé dókítà, wọ́n á bú mi, wọ́n á sọdá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ẹ̀yìn ẹ̀ ni Alábùkún. Orí ń fọ́ni lẹ́yìn òde, a gbé Alábùkún mì láìjẹun, asipirín ló wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú kaféìnì, asipirín sì máa ń bó awọ inú. Àwọn oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac náà ń ṣe é. Ẹlòmíì á wá máa mu oògùn ọ́sà lé e lórí, kò mọ̀ pé ọwọ́ òun lòun fi ń fa ọ́sà ọ̀hún.

Ọ́sà yìí náà, a máa ń ní àìjẹun lásìkò ló fà á. Àmọ́ àwọn dókítà méjì kan ní Australia, Barry Marshall àti Robin Warren, ni wọ́n fi hàn pé kòkòrò kan tó ń jẹ́ H. pylori ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ẹ̀, Marshall tiẹ̀ mu kòkòrò náà fúnra ẹ̀ lọ́dún 1984 kí wọ́n lè gbà á gbọ́, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005. Ẹni tí kòkòrò yìí bá wà nínú ẹ̀ lè mu mist mag títí ayé, kò ní kúrò. Àyẹ̀wò ló máa ṣe, kí dókítà fún un ní apakòkòrò oríṣiríṣi pọ̀ mọ́ irú oògùn bí omeprazole tó ń dín ásíìdì inú kù. Omeprazole tí èèyàn bá dá rà fúnra ẹ̀, kó mu ún ṣáájú oúnjẹ, kó má sì kọjá ọjọ́ 14 láìrí dókítà.

Ohun míì tí wọ́n kì í sọ fún yín ni pé mist mag, oògùn funfun yẹn, máa ń di ọ̀nà mọ́ oògùn míì. Ẹni tó ń lo apakòkòrò bíi tetracycline tàbí cipro, tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron nínú, kó kọ́kọ́ mu ìyẹn, kó tó wá mu oògùn funfun yẹn lẹ́yìn ó kéré tán wákàtí méjì.

Ẹni tí ìgbẹ́ ẹ̀ bá dúdú kirikiri (tí kì í sì í ṣe pé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀), tó ń bì ẹ̀jẹ̀, tó ń rù láìnídìí, tí oúnjẹ ń há lọ́fun, kó yà kúrò ní kẹ́mísìtì kó gba ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tàbí UCH lọ. Àgbàlagbà tí àyà ń dùn, tó ń làágùn, tí ìrora ń sáré lọ sápá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fún un ní oògùn gáàsì, ọkàn ló lè máa daṣẹ́ sílẹ̀ yẹn, ẹ wá mọ́tò.

Olóòtú, ohun tí mò ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ìwé inú páálí oògùn, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà ẹ̀ sì kéré débi pé èmi gan-an ń fi awò kà á. Ẹ bá wa sọ fún NAFDAC àtàwọn tó ń ṣe oògùn pé kí wọ́n fi Yorùbá sí i. Kí wọ́n tó dáhùn, ẹ fi ààyè kékeré sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó yín, kí ẹni tó bá fẹ́ polówó oògùn inú kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ síbẹ̀, iye ọjọ́ tí èèyàn lè lò ó, àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ lò ó. Èyí tó bá kọ̀, ẹ má gba owó ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ kẹ́mísìtì,
Mọ́lété, Ìbàdàn.