Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, nítorí ìlà kẹtàdínlógún

Bọ̀ọ̀dá Tíṣà,

Mo rí ìwé yín. Kì í ṣe ìwé ilẹ̀ tí àwọn ọmọ yín ń wá kiri. Wọ́n ti rí ìyẹn lábẹ́ ibùsùn, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìwé ojúlé ni mo ń wí, èyí tí ẹ fi ń kọ èsì ilé kọ̀ọ̀kan tí a bá wá ìbò dé, tí ẹ fi ọ̀rá wé nítorí òjò, tí ẹ fi rọ́bà dè. Oṣù méjì pé lánàá tí a sin yín, èmi ni wọ́n sì ní kí n kó yàrá yín, nítorí èmi ni mo mọ ibi tí nǹkan yín máa ń wà. Mo ti gbé ìwé náà lé orí àwọn tí a fẹ́ dáná sun, kí n tó rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín, gbọọrọ bíi ti ojú pátákó. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, ilẹ̀ ti ṣú.

B ni "bẹ́ẹ̀ ni". K ni "kò fẹ́". R ni "ó ń rò ó". A ni ajá. Mo rí A mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn ní àdúgbò kan ní Ìjọkà, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rántí bí ẹ ṣe fo kòtò lọ́jọ́ yẹn, ọkùnrin ẹni ọdún 62, tòun ti bàtà tíṣà lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í kanlẹ̀kùn onílẹ̀kùn bí ọlọ́pàá. "Kí àgò ná. Bí wọ́n bá ní àgò yà, dúró kí wọ́n fún ọ lága. Béèrè àlàáfíà ọmọ, béèrè iṣẹ́, kí o tó dárúkọ ẹnikẹ́ni." Mo ní mo ṣebí ìbò la bá wá. Ẹ ní inú àgò ni ìbò wà. Ojúlé kan ṣoṣo lè gbà wá ní ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn ọ̀dọ́ yòókù á ti lẹ pósítà òpópónà méjì tán, àwa ṣì wà lórí àga onígi ẹnì kan, ẹ̀ ń tú ìdílé rẹ̀ fún un, ẹ̀ ń sọ fún un pé ìyá bàbá rẹ̀ ta aṣọ ní Ọjà Ọba kí wọ́n tó bí òun. Inú máa ń bí mi. Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́, aṣọ ìyàwó wà lọ́rùn mi, kò sì sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wa. Omi inú ọ̀rá gan-an, ẹ̀yin lẹ̀ ń rà á.

Bí mo bá wá ní kí a fo ilé kan, ẹ óò ní: "Ẹnì kan kì í kéré."

Ti 2016 ló ń ká yín lára. Ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ́ olùdíje wa fún ipò gómìnà Oǹdó wà ní ilé ẹjọ́ títí tó fi ku ọjọ́ mélòó kan sí ìbò ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá kí orúkọ Jẹ́gẹ́dẹ́ tó padà sínú ìwé. Ojúlé mélòó lèèyàn lè dé láàárín irú àsìkò bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, ní 2020, láti oṣù kẹjọ la ti wà lójú títì. Ẹ ò ní gbàgbé bí ọdún yẹn ṣe rí: kòrónà, ìbòmú lẹ́nu gbogbo èèyàn, àwọn mìíràn ń ti ojú fèrèsé dá wa lóhùn. Ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ni iná sọ ní ọ́fíìsì INEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò, ní Akúrẹ́ níbí, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ káàdì wò jóná, ó lé ní 5,000. Oṣù kan gééré ló kù sí ìbò. Lọ́jọ́ kejì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá ní gbogbo ilé: "Ṣé ìbò á tún wà báyìí?" Ẹ kì í tètè dá wọn lóhùn. Ojú yín á ti lọ sí ibòmíràn.

Mo mọ ibi tó ń lọ. 1983. Ẹni ọdún 25 ni yín, tíṣà tí kò tíì pẹ́ níṣẹ́, wọ́n kéde pé Ọmọ́boríowó ló wọlé gómìnà, kì í ṣe Ajásin tó wà lórí àga, Akúrẹ́ sì gbiná. Bàbá àgbà ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yin àti màmá mi. Lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ dá a padà fún Ajásin, wọ́n búra fún un ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà ni àwọn ṣọ́jà gba ìjọba. Ẹ sọ ọ́ fún mi lójú ọ̀nà Alágbàká bí ẹni ń ṣírò owó ọjà: "Àwọn tó kú, oṣù mẹ́ta ni wọ́n kú fún." A rìn díẹ̀, ẹ tún ní, lọ́dún yẹn iná ló ń kanlẹ̀kùn, ẹ sì fẹ́ fi ọwọ́ kàn án kí ẹ tó kú.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ po látàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mò ń lọ.

Òkè-Àró, ewé kẹsàn-án, ìlà kẹtàdínlógún. "Ìyá Ẹlẹ́kọ. R." Ẹ pa R rẹ́, ẹ kọ B. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ẹ kọ: "Orúnkún. GBÉ E." Lẹ́tà gàdàgbà, ìlà méjì lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la dé ọ̀dọ̀ Màmá yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní òun ò dìbò mọ́ láti ìgbà tí orúnkún òun ti kọṣẹ́ sílẹ̀, òkè sì ni ọ̀nà ibùdó ìdìbò. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí a jẹ ẹ̀kọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó mú káàdì rẹ̀ jáde láti inú ìkòkò kan tí kò fi sebẹ̀ mọ́, ó fi ìró nù ún, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wá sílé mi láìmú owó dání, mo máa bá yín dìbò. Àmọ́ ẹ óò wá gbé mi." Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un, Bọ̀ọ̀dá. Gbalaja, lórí sìmẹ́ńtì tí eruku ògì wà. Ẹ ní, "Aago mẹ́wàá, Mà. Ọ̀kadà á ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

Sátidé, ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá. Ọkọ̀ ò rìn, ọ̀kadà ọmọ àdúgbò kan ṣoṣo la ní, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé àwọn arúgbó. Aago mẹ́jọ àbọ̀ ni ìbò bẹ̀rẹ̀, aago méjì àbọ̀ ni yóò parí. Nígbà tó ku díẹ̀ kó lu mẹ́wàá ni wọ́n pè yín láti Ìjọkà: èèyàn méjìlá tí a ti kọ B síwájú orúkọ wọn ti padà sílé, ẹ̀rọ ò dá ìka wọn mọ̀, wọ́n ti wá tún un ṣe báyìí, kò sẹ́ni tó máa lọ pè wọ́n padà. Àwọn kan sì ti ń pín owó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, dìbò kó o sebẹ̀. (N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́. Ẹni tó sebẹ̀ mọ ẹni tó fún òun lówó ata.) Ẹ wo aago. Ẹ wo ọ̀kadà. Ẹ ní, "Méjìlá ni o." Ẹ gun ọ̀kadà náà, ó di Ìjọkà.

Méjìlá. Ẹ̀yin tí ẹnì kan kì í kéré lójú yín! Lálẹ́ ọjọ́ náà ẹ ń fi ayọ̀ ròyìn pé mẹ́sàn-án nínú wọn dìbò. Mo wo ẹnu yín, mo ń dúró kí ẹ dárúkọ ẹnì kan fún mi. Ẹ bu omi mu, ẹ lọ sùn.

Kí ẹ tó gun ọ̀kadà, ẹ ní kí n yà sọ́dọ̀ Màmá, kí n ṣàlàyé fún un. Òótọ́ ni, ẹ sọ ọ́. Mi ò yà. Mo wà nídìí àwọn tó tò, mò ń gba ìpè, mò ń bá ẹnì kan jà nítorí ibòji. Ó ti kọjá aago mẹ́ta nígbà tí mo gba iwájú ilé náà kọjá. Màmá jókòó síta lórí àpótí. Ó we gèlè. Léèsì aláwọ̀ búlúù ló wọ̀, ó ní láti jẹ́ ti ìgbéyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, lọ́fíńdà rẹ̀ sì dé títì. Káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fa ìbòmú mi sókè, mo rò pé kò ní dá mi mọ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ Tíṣà, ṣé wọ́n ń bọ̀?"

Mo ní, "Wọ́n ń bọ̀, Mà."

Wọ́n ti ń ka ìbò lórí òkè. Etí èmi àti etí rẹ̀ ló jọ ń gbọ́ ariwo wọn.

Mo mọ̀ pé ìbò tirẹ̀ ò lè yí nǹkan kan padà. Mo ti ṣe ìṣirò yẹn títí ó fi sú mi. Akérédolú, gómìnà tó wà lórí àga nígbà yẹn, ní 292,830, Jẹ́gẹ́dẹ́ ní 195,791. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 97,039. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 18, mẹ́ta la mú: Akúrẹ́ Gúúsù, Akúrẹ́ Àríwá àti Ìfẹ́dọ́rẹ̀. Níbi tí ẹsẹ̀ wa dé, àwa la mókè, ohun tó jẹ́ ká rò pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé e nìyẹn. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí lé ní 1,800,000, àwọn tó dìbò ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn yòókù jókòó sílé. Kò jọ pé gbogbo wọn we gèlè.

Lọ́dún kejì, ọjọ́ 28 oṣù keje, ẹ gbé rédíò létí, ẹ̀ ń gbọ́ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí ẹjọ́ tí Jẹ́gẹ́dẹ́ pè. Ọ̀rọ̀ Buni ni, pé ó jẹ́ gómìnà Yòbè, ó tún jẹ́ alága fìdíhẹ ẹgbẹ́ tó fa Akérédolú kalẹ̀. Adájọ́ méje. Mẹ́ta gbà pẹ̀lú wa, mẹ́rin ò gbà. Ẹ pa rédíò, ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, "Ṣé o rí i báyìí? Ẹnì kan." Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó borí àríyànjiyàn. Mo dìde kúrò níwájú yín. Ẹ sọ fún màmá mi pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ti wọ ọmọ yìí lára jù, pé ó ń sunkún nítorí ẹjọ́.

Ẹjọ́ wo?

Látàná ni mo ti ń ṣí ewé ìwé yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wá ibi tí ẹ ti kọ pé ẹ padà lọ bẹ Màmá. Ẹ kọ ajá. Ẹ kọ ilé tí wọ́n ti fún wa ní omi tútù. Ẹ kọ ẹni tó jẹ yín ní igba náírà. Kò sí nǹkan kan ní iwájú ìlà kẹtàdínlógún. Bóyá ẹ lọ, tí ẹ ò kọ ọ́. Èmi yà síbẹ̀ nígbà kan. Wọ́n ti kun ilé náà, ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì ìpè jókòó síbi àpótí rẹ̀. Mi ò béèrè. Bí mo bá béèrè, wọ́n á sọ fún mi.

Ní 2024, ẹsẹ̀ yín náà ti kọṣẹ́. Mo yá àga onítáyà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí aago mẹ́jọ tó lù mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Mo fẹ́ kí ẹ bi mí pé kí ló dé tí mo fi yá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dìbò, ẹ ní kí n ra ẹ̀pà fún yín. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ 18 pátápátá ló bọ́ sọ́wọ́ Gómìnà Ayédatiwa, ẹ mi orí, ẹ ń jẹ ẹ̀pà yín lọ.

Ẹ̀gbọ́n yín, màmá mi, ò dìde mọ́ báyìí. Ẹ mọ̀ pé apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Láti ìgbà tí a ti sin yín, ẹsẹ̀ náà ti tẹ̀lé e. Mo máa ń wẹ̀ fún un láàárọ̀, kí n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Onílé ti sọ owó ṣọ́ọ̀bù di ₦350,000, ₦120,000 ni mò ń san tẹ́lẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kan ló sì ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Mi ò lè jókòó tì í. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà fi ohùn ránṣẹ́ pé òun àti ìyàwó òun àti àwọn ọmọ ń bọ̀ ní Kérésìmesì. Èyí tó fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn. Màmá máa ń ní kí n we gèlè fún òun kí n tó jáde, ó ní a kì í mọ̀. Tí mo bá dé lálẹ́, ibi tí mo gbé e sí ni mo máa bá a, gèlè á ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Ṣé wọ́n ń bọ̀?"

Ẹ̀yin náà mọ èsì tí mò ń fọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọkùnrin méjì kan wá nítorí 2027. Wọ́n fi ìkúùkù lu géètì gbàgbàgbà bí ẹni wá mú olè. Ìbò mélòó ló wà nílé yìí? Mo ní méjì. Ọ̀kan tẹ nǹkan sórí fóònù rẹ̀, mi ò mọ lẹ́tà tó kọ sí i, wọ́n sì yíjú sí ilé kejì. Ìgbà yẹn ni màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sókè bíi ti àtijọ́: "Àgò yà o! Ẹ wọlé!" Kò sẹ́ni tó kágò.

Mi ò dáná sun ìwé yín. Ewé mọ́kànlá ló ṣófo lẹ́yìn rẹ̀, mo ti ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí i: ọrùn, àyà, ìbàdí. Wọ́n ti mú iná dé. Ẹ jẹ́ kí n lọ lọ aṣọ wọn kí wọ́n tó mú un lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín,
Akúrẹ́