Lẹ́tà sí Àkànní ní Stuttgart, lórí ọkọ̀ tí mo ń tò ní Kaduna

Barnawa,
Kaduna.
Oṣù Èrèlé.

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ kú otútù ọ̀hún. Níhìn-ín, ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́, oòrùn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, a dúpẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ìbéèrè kan tó wà nínú rẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí n fi ìdáhùn falẹ̀. O ní àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ wo àwòrán ọkọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, wọ́n ní ayédèrú Porsche ni, wọ́n sì ní owó tí mo ná sí i ì bá ti ra tòkunbọ̀ gidi kan tó ń rìn. Ìwọ fúnra rẹ wá bi mí bóyá wàhálà náà tó ohun tí ènìyàn ń ṣe. Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe Porsche gan-an lo ń gbé, nítorí náà mo fẹ́ kí o mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, kí o lè rí ohun tí wàá fi dá wọn lóhùn.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì gbóná, ilé iṣẹ́ Porsche kó kúrò ní Stuttgart lọ sí Gmünd, ìlú kékeré kan ní Austria, inú ilé tí wọ́n ti ń la pákó tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni Ferry Porsche àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀ Porsche tí wọ́n ń pè ní 356, èyí tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ìrìnnà ní 8 Òkúdù 1948. Ẹ́ńjìnnì Volkswagen ni wọ́n fi sí i, ìwọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ 1131 cc péré, tí wọ́n tún ṣe kí agbára rẹ̀ lè tó ti ẹṣin 35. Jíà rẹ̀, ìdarí rẹ̀ àti bíréèkì rẹ̀, ọ̀dọ̀ Volkswagen náà ni wọ́n ti wá. Ferdinand Porsche tó bí Ferry ló kúkú ya àwòrán Volkswagen ọ̀hún, èyí tí àwa ń pè ní Ìjàpá nígbà tí a wà ní kékeré, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ àdúgbò wa ń gùn. Ọkọ̀ bíi 50 ni wọ́n fi ọwọ́ ṣe ní Gmünd kí iṣẹ́ náà tó padà sí Stuttgart ní 1950. Ẹni tó bá wá gbé bọ́dì 356 lé orí ṣáàsì Ìjàpá, ìyẹn irin abẹ́ rẹ̀, lónìí, ọ̀nà tí àwọn tó ni ín fi bẹ̀rẹ̀ ló ń tọ̀, mi ò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi bú u nítorí ìyẹn.

Irú 356 tí mo ń tò ni Speedster, tó jáde ní 1954. Max Hoffman, ẹni tó ń kó ọkọ̀ Yúróòpù wọ New York nígbà náà, ló ní kí wọ́n ṣe èyí tí owó rẹ̀ kò ní tó 3,000 dọ́là. Ni wọ́n bá yọ gbogbo ohun tí awakọ̀ lè ṣe aláìní kúrò: gíláàsì iwájú kúrú, ilẹ̀kùn kò ní gíláàsì tó ń lọ sókè sódò, òrùlé rẹ̀ kò sì ju aṣọ tín-ínrín lọ. Àwọn ohun tí kò sí lára rẹ̀ yìí gan-an ló mú un rọrùn láti tò nínú ọgbà ilé.

Ohun tí mo rà ni bọ́dì fáíbà, ilẹ̀kùn méjèèjì, ìdérí iwájú àti ti ẹ̀yìn, férémù gíláàsì, àga, iná, dáṣíbọ́ọ̀dù àti ìwé ìtọ́ni. Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Apapa, tírélà sì gbé e wá sí Kaduna. Ẹ́ńjìnnì, jíà, ṣáàsì àti táyà, èmi ni mo ní láti wá wọn. Zaria ni mo ti rí Ìjàpá tí mo lò, lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Bọ́dì rẹ̀ ti bàjẹ́ síwájú sẹ́yìn, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ gbẹ, kò sí ibi tó dógùn-ún débi tó lu. Afẹ́fẹ́ Òkè Ọya yìí ṣàánú irin ju ti Èkó lọ.

Ṣáàsì yẹn ni ọkọ̀ náà, Àkànní. Ẹni tó ń wò láti òkèèrè, bọ́dì ló ń rí, ṣùgbọ́n bí abẹ́ bá wọ́, kò sí ọ̀dà tó lè tún un ṣe: ilẹ̀kùn kò ní pa dé dáadáa, táyà yóò máa jẹ lápá kan, ọkọ̀ yóò sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ lórí eré. Bí a bá tú àwọn bóòlùtì tó so bọ́dì Ìjàpá mọ́ ìsàlẹ̀, bọ́dì á ṣí kúrò lódindi, ohun tí yóò ṣẹ́kù sì ni pẹpẹ irin tí ọ̀pá oníhò ńlá kan là láàárín bí eegun ẹ̀yìn ẹja. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, Ìjàpá gùn tó 240 sẹ̀ǹtímítà; 356 kò ju 210 lọ. Ìyàtọ̀ 30 sẹ̀ǹtímítà yìí ni a ní láti gé kúrò láàárín, kí a tún jó iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ padà.

Inú ọ̀pá àárín yẹn kún ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Páìpù bẹntiróòlù gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀pá jíà gba ibẹ̀, wáyà kílọ́ọ̀ṣì náà gba ibẹ̀. Kí a tó gbé ẹ̀rọ ìgérin sún mọ́ ọn, a ro gbogbo epo kúrò, a yọ táńkì, a fa páìpù epo jáde, a sì fi omi ọṣẹ àti afẹ́fẹ́ fọ inú ọ̀pá náà títí a kò fi gbóòórùn bẹntiróòlù kankan níbẹ̀ mọ́. Iná tó ń ta láti ara ẹ̀rọ náà kò nílò ju èéfín epo díẹ̀ lọ láti sọ ilé di eérú. A tún ṣọ́ nọ́ńbà ṣáàsì, èyí tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá yẹn lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Iwájú rẹ̀ ni a ti gé, ohunkóhun kò sì kan án.

Ọjà Panteka níhìn-ín ni jórin-jórin tó bá mi ṣe é ti wá, ọmọ Hausa kan tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi iná tọ́ irin náà níbi díẹ̀ kí ó lè dúró, lẹ́yìn náà ni a wá fa tépù láti ihò bóòlùtì iwájú lápá òsì dé ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, a sì tún fà á láti ọ̀tún iwájú dé òsì ẹ̀yìn. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, igun rẹ̀ gún. Bí wọn kò bá dọ́gba, ṣáàsì ti wọ́ nìyẹn. Ìyàtọ̀ tí a kọ́kọ́ rí kò tó ìbú ìka kan. Ẹlòmíràn ì bá ní ó ti tó. Òun gé ojú ibi tó jó, ó fi òòlù gbá a díẹ̀, ó tún un tọ́, a tún un wọ̀n, ó sì ń wí pé “A hankali, a hankali”, ìyẹn “pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́”, títí tépù fi mú nọ́ńbà kan náà wá lápá méjèèjì. Nígbà tó wá ń jó o parí, kò jó ojú ibì kan gùn rárá: á jó díẹ̀ lápá òsì, á bọ́ sí ọ̀tún, á jẹ́ kí ó tutù, kí ooru má bàa fa irin náà wọ́.

Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kakuri jókòó tì wá lọ́jọ́ náà. 1975 ni ilé iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀. O ò lè gbàgbé 504 tí bàbá rẹ ń gùn. Inú àpótí ni àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ti ń wá láti Faransé, ọwọ́ àwọn ará Kaduna ló sì ń tò wọ́n pọ̀. Bàbá yìí ló ní kí a má wulẹ̀ gbé ṣáàsì lé orí ilẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ gé e, pé kí a wá irin ńlá méjì tó gún, kí a tẹ́ wọn dọ́gba, kí a sì de ṣáàsì mọ́ wọn pẹ̀lú bóòlùtì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ṣe ń di ohun tí wọ́n bá fẹ́ jó mú. Àwọn tó ní kí n ra tòkunbọ̀ ni mo tìtorí wọn sọ èyí fún ọ. Òótọ́ ni pé tòkunbọ̀ yóò gbé mi dé ọjà, ṣùgbọ́n kò ní mú bàbá yẹn jáde nílé láti wá fi ohun tó mọ̀ hàn wá, ọmọbìnrin mi àgbà kò sì ní mọ ohun tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ àti táyà nígbà tó bá tẹ bíréèkì.

Nípa bíréèkì, mi ò dúró lórí ti àtijọ́. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni òróró bíréèkì ní nínú Ìjàpá tí mo rà yìí, bí ó bá sì jò níbì kan, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bá a lọ. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí olójú ọ̀nà méjì, kí ti iwájú lè di ọkọ̀ mú bí ti ẹ̀yìn bá kọṣẹ́, mo sì fi bíréèkì díìsì sí táyà iwájú. Ọmọbìnrin mi ló jókòó sórí àga tó ń tẹ ẹsẹ̀ bíréèkì nígbà tí à ń lé afẹ́fẹ́ jáde. Èmi wà lábẹ́, mo ki rọ́bà kan bọ inú ìgò tí òróró wà, mo sì ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń hó jáde. “Tẹ̀ ẹ́. Dì í mú. Fi í sílẹ̀.” Táyà tó jìnnà jù lọ la ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ká tó lọ sí ẹ̀yìn lápá òsì, lẹ́yìn náà iwájú lápá ọ̀tún, ká wá fi èyí tó wà nítòsí awakọ̀ parí rẹ̀. Ní báyìí, ẹsẹ̀ bíréèkì le gbagidi, inú mi sì dùn sí i ju ohunkóhun mìíràn lára ọkọ̀ náà lọ.

Fáíbà ní ìwà tirẹ̀ nínú ojú ọjọ́ wa. Résìnì, gọ́ọ̀mù olómi tí a fi ń ṣe fáíbà, kì í le láìsí hádínà, oògùn tó ń mú un le, 1 sí 2 nínú 100 sì ni èyí tí à ń fi sí i. Ní àárọ̀ ọyẹ́, ó máa ń lọ́ra. Ṣùgbọ́n bí ooru bá dé, èyí tí o bá pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò gbóná nínú ike, yóò sì le kí o tó tẹ́ ẹ tán. Nítorí náà, díẹ̀ díẹ̀ ni à ń pò ó, ní kùtùkùtù, hádínà rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Òun ni a fi lẹ irin mọ́ inú bọ́dì ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn, kí ibẹ̀ má bàa máa mì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ha fáíbà nínú ọgbà mi láìbo imú, nítorí pé eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ọ̀dà ṣì wà nílẹ̀: eruku ọyẹ́ kì í jẹ́ kí ọ̀dà dán, mo sì ti pinnu láti dúró de òjò àkọ́rọ̀. Ríwáyà ti ṣe iná tán, ó sì mọ́ lẹ́.

Èyí tó jẹ mọ́ orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí o sọ fún wọn kedere. Mi ò ní lẹ àmì Porsche mọ́ ọn níbikíbi. Ìwé rẹ̀ ṣì jẹ́ ìwé Ìjàpá, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára ṣáàsì, màá sì lọ jábọ̀ pé bọ́dì àti àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà kí n tó gbé e sójú títì. Ẹni tó bá ṣe irú ọkọ̀ yìí, tó wá tà á fún ẹlòmíràn ní ojúlówó, òun ló yẹ kí wọ́n pè ní oníjìbìtì.

Ó ku ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni mo sì ti nílò rẹ. 1600 cc ni, a ti tú u palẹ̀, a sì ti tún un tò. Gẹ́gẹ́ bí o ti mọ̀, Ìjàpá kò ní rédíétọ̀. Fáànù kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára, pẹ̀lú ọ́ìlì bíi lítà 2.5 tó ń gbé ooru kúrò nínú rẹ̀. Páànù yí ẹ́ńjìnnì ká, ó ya òkè tó tutù sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀ tó gbóná, rọ́bà kan ló sì dí àlàfo tó wà láàárín páànù náà àti bọ́dì. Bí rọ́bà yìí kò bá sí, tàbí bí ó bá ya, fáànù yóò máa fa afẹ́fẹ́ tó ti gbóná láti ìsàlẹ̀ padà sókè, yóò sì máa fẹ́ ooru sí ooru. Ní Stuttgart, ọkọ̀ lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Ní títì Kaduna sí Abuja, lọ́sàn-án gangan, ẹ́ńjìnnì yóò bàjẹ́.

Rọ́bà tó wà lọ́jà níhìn-ín, ti bọ́dì onípáànù ni, ojú rẹ̀ há jù. Fáíbà nípọn ju páànù lọ. Jọ̀wọ́, bá mi wá èyí tí ojú rẹ̀ lè gba mílímítà 4 ó kéré tán lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà Ìjàpá àtijọ́ ní ọ̀dọ̀ yín, kí ó sì jẹ́ rọ́bà tó ń fara da ọ́ìlì àti ooru. Bí o bá ráyè lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Porsche ní Zuffenhausen, wá 356 tí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, kí o ya àwòrán bí wọ́n ṣe fi rọ́bà náà jókòó ní àwọn igun, pàápàá lápá ibi tí páìpù kábúrétọ̀ wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ ní Abuja ní àkókò Àjíǹde, fi rán an, èmi yóò wá gbà á. Mi ò ní ṣáná sí ẹ́ńjìnnì náà kí rọ́bà tó dé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjàní