Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ó ń da iná nù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà ẹnì kan nínú ìwé ìròyìn yín tó ní igi ìdáná ló ń tán wa lówó ní Abẹ́òkúta, pé kí gbogbo wa kúkú lọ lo gáàsì. Bí ẹni náà bá máa bá mi ra gáàsì tí yóò máa se omi àgbá méjì lójoojúmọ́, mo ti ṣe tán lónìí. Kàǹpálà ni mò ń ṣe ní Ìtòkú. Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ aró. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni tiwọn. Kò sí ọjọ́ iṣẹ́ tí a kì í gbé àgbá kaná, torí omi híhó la fi ń yọ kándù, ìyẹn àbẹ́là yíyọ́ tí a fi ń ya ọnà kí aró má baà mú ibẹ̀, kúrò lára aṣọ. Ohun tí mo rí nídìí ààrò ni mo fẹ́ sọ: igi kọ́ ló ń jẹ owó wa, omi inú igi ni.

Nígbà òjò ọdún tó kọjá, mo ra igi lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà mi. Ìdì kọ̀ọ̀kan wúwo bí òkúta, inú mi dùn pé mo rí ọjà rà. A koná tán, ẹnu igi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó, ó ń dún ṣìì-ṣìì, omi ń kán sínú eérú. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fẹ́ iná títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí ata. Aago méje àárọ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá kí omi tó hó. Mo bú ẹni tó ta igi fún mi. Àbúrò mi tó jẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tó ṣírò ọ̀rọ̀ náà.

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lè jẹ́ omi. Omi yẹn sì gbọ́dọ̀ gbẹ kí igi tó lè jó dáadáa. Iná tí yóò mú lítà omi kan gbẹ tán pátápátá tó èyí tí ì bá mú lítà omi tútù 7 hó! Mẹ́gájúùlù ni wọ́n fi ń wọn agbára iná: kílò igi tútù kan ń mú nǹkan bíi 8 wá, kílò igi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti gbẹ dáadáa ń mú nǹkan bíi 15 wá. Ìwúwo tó dùn mọ́ mi nínú lọ́jọ́ yẹn, omi ni mo rù délé.

Èyí tó tún burú ni pé omi yẹn ń mú iná tutù, tí iná bá sì tutù, èéfín kò ní lè gbiná. Èéfín kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Bí igi gbígbẹ bá gbóná, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ ló ń tú jáde bí afẹ́fẹ́. Òun ló ń jó tí a fi ń rí ọwọ́ iná. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó pa igi kan tó ń jó, kó tún ṣáná kíá sí èéfín tó ń rú lórí rẹ̀. Á rí i pé iná á fò mú un. Gbogbo dúdú tó kun ògiri ilé ìdáná wa yẹn, owó igi ni.

Àwọn kan á ní ká ra èédú. Èédú dára, kílò rẹ̀ kan ń mú tó mẹ́gájúùlù 28 wá. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń sun ún lábẹ́ yẹ̀pẹ̀ ní Òkè-Ògùn, kílò igi 10 kì í sábà mú ju kílò èédú kan sí méjì lọ. Ó ju ìdajì iná inú igi náà lọ tó ti ṣòfò sínú igbó kí àpò èédú tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Wọn ò purọ́. Àmọ́ ó ń da iná nù: nínú ooru 100 tí igi bá mú jáde lórí ààrò òkúta mẹ́ta, nǹkan bíi 10 sí 15 ló ń wọ inú ìkòkò. Mo ti ra sítóòfù onígi kan rí, kò lo oṣù méjì kí abẹ́ rẹ̀ tó lu. Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo fi amọ̀ yí ààrò mi ká, mo sì tẹ́ irin rọ́ọ̀dù tó ṣẹ́kù níbi ilé tí wọ́n ń kọ́ sórí bíríkì. Orí irin yẹn ni igi ń jókòó, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ọjọ́ tí mo tẹ́ ẹ ni ọmọ mi ní, “Mọ́mì, ṣé a ò tíì dáná ni?” Kò rí èéfín. A máa ń la igi wẹ́wẹ́, a sì máa ń fi páànù bo àgbá. Tí omi bá sì ti hó, mo ń fa igi sẹ́yìn, torí omi tó ti ń hó kò lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ bó ti wù ká kì í nígi tó, kándù sì ti máa ń yọ́ kí omi tó hó rárá.

Ẹ wá wo lẹ́búlẹ́bú pákó tí àwọn oní-sọ́mìlì ń sun dànù. Ààrò agolo ni ìyá mi fi ń lò ó: wọ́n á gbé ìgò sáàárín agolo ńlá, wọ́n á ki lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ yí i ká, wọ́n á gún un kó le, wọ́n á wá rọra fa ìgò yọ. Ihò kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀ agolo tí wọ́n á ti ṣáná sí i. Ẹ̀wà á jinná lórí rẹ̀ láìsí ẹni tó fẹ́ iná. Èèpo ìrẹsì Ọ̀fàdà náà ń jó, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ló ń di eérú. N ò fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn onígi ni pé kí wọ́n ya igi gbígbẹ sọ́tọ̀, kí wọ́n tà á lówó tirẹ̀. Àwọn ọmọ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí, náà ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi lè wọn omi inú igi. Kí wọ́n gbé e wá sọ́jà lọ́jọ́ kan, ká jọ wò ó. Ní tèmi, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ń ra igi tí mo máa lò nígbà òjò báyìí, abẹ́ páànù ni mò ń tò ó sí. Kọ́sítọ́mà mi fi owó díẹ̀ lé ìdì kọ̀ọ̀kan tó bá gbẹ, mo sì san án. Lánàá, aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni omi hó.

Èmi ni,
Alákàǹpálà kan,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.